Ọ̀dà Tuntun Lára Mọ́tò Àtijọ́

Ọ̀rọ̀ ọ̀dà mọ́tò ló délẹ̀ lónìí. Báwo ni ọ̀dà tuntun ṣe lè bá ọ̀dà tí mọ́tò gbé jáde láti ilé iṣẹ́ mu, nígbà tí ọ̀dà ilé iṣẹ́ yẹn ti lo ọ̀pọ̀ ọdún nínú oòrùn?

Ta ni kò rí i rí? Mọ́tò aláwọ̀ fàdákà kan ń bọ̀ lójú títì. Iwájú rẹ̀ fàdákà. Ẹ̀yìn rẹ̀ fàdákà. Ilẹ̀kùn kan wà láàárín, fàdákà lòun náà, ṣùgbọ́n tirẹ̀ ṣú ju tàwọn yòókù lọ. Ẹni tó bá rí i yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé wọ́n ti gbá mọ́tò náà rí. Bẹ́ẹ̀, pẹ́ńtà tó kùn ún ń búra pé nọ́ńbà ọ̀dà mọ́tò yẹn gan-an lòun lò. Kò purọ́. Nọ́ńbà náà ló lò lóòótọ́. Kí ló wá fa ìyàtọ̀?

Ìdáhùn rẹ̀ ni kókó ọ̀rọ̀ òní. Nọ́ńbà ọ̀dà ń sọ àwọ̀ ọjọ́ tí mọ́tò jáde nílé iṣẹ́. Ara mọ́tò ló ń sọ àwọ̀ tòní. Tòní ni pẹ́ńtà gbọ́dọ̀ bá mu.

Síbẹ̀, ọ̀dọ̀ nọ́ńbà yẹn ni iṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Níbo ló wà? Lára ọ̀pọ̀ Toyota àti Honda, ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, kí ẹ wo òpó tí ilẹ̀kùn ń tì mọ́. Bébà kékeré kan tàbí irin pẹlẹbẹ kan wà níbẹ̀. Lára Toyota, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ C/TR sí. Àmì àkọ́kọ́ tó tẹ̀ lé e jẹ́ ti ọ̀dà ara, èyí tó kù jẹ́ ti àwọ̀ inú ọkọ̀. 040 jẹ́ funfun. 202 jẹ́ dúdú. 1F7 jẹ́ fàdákà. Honda a máa fi NH ṣáájú nọ́ńbà funfun, dúdú, eérú àti fàdákà. Volkswagen sábà máa ń lẹ bébà tirẹ̀ mọ́ inú búùtù, nítòsí ibi tí táyà àfirọ́pò ń gbé. Àwọn mìíràn ń fi tiwọn sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Kí ni nọ́ńbà yìí wà fún? Ẹni tó ń po ọ̀dà yóò fi wá ìlànà ìpò rẹ̀: funfun báyìí, dúdú báyìí, búlúù tó kéré báyìí, gbogbo rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n. Láìsí nọ́ńbà, àfojúbù ni. Ẹ̀yin tó ń lọ ra ọ̀dà, tí ẹ kàn ń sọ pé “ẹ fún mi ní funfun Toyota,” funfun wo? Toyota nìkan ní ju funfun kan lọ. 040 jẹ́ funfun lásán. 070 ní pẹ́ẹ̀lì nínú, ó sì ń dán yàtọ̀ nígbà tí oòrùn bá bà lé e. Kò sí bí ẹni tó kun ọ̀kan ṣe lè fi bá èkejì mu.

Nọ́ńbà kan náà tún ní oríṣiríṣi ọmọ. Orílẹ̀-èdè mélòó ni wọ́n ti ń ṣe Corolla? Japan ń ṣe é. Kánádà ṣe é títí di 2019. Tọ́kì ń ṣe é. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀rọ ìfọ́dà tirẹ̀, ẹni tó ń ta ọ̀dà fún ọ̀kan lè má jẹ́ ẹni tó ń tà fún èkejì, àti pé agbada ọ̀dà tòní kì í fi gbogbo ara jọ tàná. Torí náà, lábẹ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo, ilé iṣẹ́ ọ̀dà lè ní ìlànà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Ọ̀kan á fẹ́rẹ̀ẹ́ fà sí búlúù. Ọ̀kan á ṣú díẹ̀. Ọ̀kan á mọ́ díẹ̀. Wọ́n ń tẹ̀ wọ́n sórí páálí kéékèèké. Pẹ́ńtà tó mọṣẹ́ yóò béèrè páálí wọ̀nyẹn, yóò gbé wọn sára mọ́tò lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì mú èyí tó sún mọ́ ọn jù. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Ó ń gbani lọ́wọ́ wàhálà ọjọ́ méjì.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tí ọjọ́ orí ń ṣe sí ọ̀dà.

Nílé iṣẹ́, ara mọ́tò ni wọ́n ń kùn, kì í ṣe mọ́tò. Kò tíì sí ìjókòó. Kò tíì sí wáyà. Kò tíì sí táyà. Wọ́n á ri odindi ara irin náà bọ inú agbada ọ̀dà ìsàlẹ̀, iná mànàmáná á fa ọ̀dà náà mọ́ gbogbo kọ̀rọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọ̀dà yòókù ń tẹ̀ léra: práímà, àwọ̀, lẹ́yìn náà kílíà, ìyẹn ọ̀dà aláìláwọ̀ tó ń fún un ní dídán. Wọ́n á wá yan án nínú ààrò tó gbóná tó bí 140 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ta ló lè ti mọ́tò tó ti ní wáyà àti rọ́bà bọ irú ooru bẹ́ẹ̀? Kò ṣeé ṣe. Ibi tí wọ́n ti ń tún mọ́tò kùn, bí ààrò bá wà níbẹ̀ rárá, nǹkan bí 60 ni ooru rẹ̀ ń mọ. Hádínà tí wọ́n pò mọ́ kílíà ló ń ṣe iṣẹ́ tí ooru ì bá ṣe. Èyí já sí pé ọ̀dà ilé iṣẹ́ àti ọ̀dà àtúnkùn kì í ṣe ọ̀dà kan náà láti ìpilẹ̀ wọn. Àwọ̀ wọn lè jọ. Èròjà wọn ò jọ.

Bọ́ńpà tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Rọ́bà líle ni, kò lè wọ ààrò gbígbóná yẹn. Ibòmíràn ni wọ́n sábà ti ń kùn ún. Nítorí náà, kódà lára mọ́tò tuntun pátápátá, bọ́ńpà àti fẹ́ńdà lè yàtọ̀ díẹ̀. Kí ẹni tó ni mọ́tò tó bínú sí pẹ́ńtà pé bọ́ńpà ò bá fẹ́ńdà mu, kó kọ́kọ́ wo bọ́ńpà ẹ̀yìn tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn.

Lẹ́yìn ilé iṣẹ́, oòrùn ló kàn. Oòrùn ń jẹ èròjà àwọ̀. Pupa a máa tètè ṣá. Kílíà a máa pọ́n díẹ̀díẹ̀. Ọṣẹ ìfọmọ́tò tó le, ẹ̀fúùfù ọyẹ́ tó ń gbé erùpẹ̀, ìgbẹ́ ẹyẹ tí wọn ò tètè nù, gbogbo wọn ń fọwọ́ kún un. Orí ọkọ̀ àti bọ́nẹ́ẹ̀tì ló ń jìyà jù, torí àwọn ló kọjú sí ọ̀run. Abẹ́ ilẹ̀kùn kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ jìyà kankan. Mọ́tò kan ṣoṣo, àwọ̀ rẹ̀ ti di mẹ́ta tàbí mẹ́rin kó tó dé ọ̀dọ̀ pẹ́ńtà. Ẹni tó bá gé lára àdìrẹ tuntun lẹ àdìrẹ tí wọ́n ti fọ̀ fún ọdún márùn-ún mọ̀ pé inú ìkòkò aró kan náà ò ní kí wọ́n jọra.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tan rédíò yín, ọ̀rọ̀ ọ̀dà mọ́tò ni o. Nọ́ńbà ń sọ àwọ̀ ọjọ́ tí mọ́tò jáde. Ara mọ́tò ló ń sọ tòní.

Ṣé gbogbo mọ́tò ló ní kílíà? Rárá. Ní 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot 504 ní Kàdúná, ọdún yẹn náà ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ ní Èkó, tí mọ́tò rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ìjàpá gba gbogbo ìgboro kan. Ní ayé ìgbà yẹn, ọ̀dà kan ṣoṣo ló ń ṣe iṣẹ́ àwọ̀ àti iṣẹ́ dídán lára ọ̀pọ̀ mọ́tò. Ẹ̀yìn 1980 ni kílíà wá gbòde káàkiri ayé. Lára ọ̀dà aláìníkílíà, oòrùn àti àwọ̀ ń kojú ara wọn gan-an. Ojú ọ̀dà á kú, lẹ́búlẹ́bú funfun á sì máa mọ́ ọwọ́ ẹni tó bá fọwọ́ pa á. Báwo lèèyàn ṣe ń mọ̀ bóyá kílíà wà? Kí pẹ́ńtà fi àkísà funfun àti kọ̀ḿpáàǹdì, ìyẹn èròjà tí wọ́n fi ń fọ ojú ọ̀dà kó lè dán, fọ ibi kékeré kan. Bí àkísà bá gba àwọ̀ mọ́tò, kò sí kílíà. Bí àkísà kò bá gba àwọ̀ mọ́tò, kílíà wà lórí rẹ̀.

Àyẹ̀wò ara mọ́tò ṣe pàtàkì púpọ̀ fún mọ́tò tòkunbọ̀. Kí ló dé? Nítorí ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ti fara gbá kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi. Wọ́n ti kun apá kan rẹ̀ rí ní Amẹ́ríkà tàbí ní Yúróòpù. Nọ́ńbà tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn ò mọ ìyẹn. Kí ẹ wo etí rọ́bà wíńdò, kí ẹ wo abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, bóyá ìfọ́nká ọ̀dà wà níbi tí ọ̀dà ilé iṣẹ́ kò lè dé. Bí ó bá wà, nọ́ńbà ti di ẹlẹ́rìí tó gbọ́ ìdajì ọ̀rọ̀. Bákan náà ni ilẹ̀kùn àlòkù tí wọ́n ń pè ní Bẹ́líjíọ̀mù, tí wọ́n rà ní ọjà Ládípọ̀. Lóòótọ́, nọ́ńbà kan náà ni, fàdákà kan náà ni. Ṣùgbọ́n mọ́tò mìíràn ló ti wá, lábẹ́ oòrùn mìíràn. Ẹni tó bá kàn dè é mọ́ ọn, tó ní owó ọ̀dà ti bọ́ sápò, yóò rí i nígbà tí ojú ọjọ́ bá mọ́.

Ó dáa. Mọ́tò ti dé iwájú pẹ́ńtà. Kí ló kọ́kọ́ kàn? Fífọ̀ ni. Kò sẹ́ni tó lè bá ìdọ̀tí mu. Kí wọ́n fọ mọ́tò náà dáadáa, kí wọ́n wá fi kọ̀ḿpáàǹdì fọ ibi tí wọ́n fẹ́ fi ṣe àfiwé, títí tí òkú ojú ọ̀dà á fi ṣí kúrò. Àwọ̀ tó jáde lábẹ́ rẹ̀ ni àwọ̀ mọ́tò náà gan-an. Ìwọ̀n bí ó ṣe ń yí padà lábẹ́ kọ̀ḿpáàǹdì a máa yani lẹ́nu. Ibo ni kí wọ́n fọ̀? Ibi tó fara kan ibi tí wọ́n fẹ́ kùn. Bó bá jẹ́ ilẹ̀kùn iwájú ni, fẹ́ńdà àti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni kí wọ́n wò, kì í ṣe orí ọkọ̀.

Inú ìdérí ibi tí wọ́n ń da epo sí wúlò lọ́nà mìíràn. Oòrùn kì í débẹ̀. Ó ń fi hàn bí ọ̀dà ilé iṣẹ́ ṣe rí látilẹ̀. Ẹni tó bá fi í wé ẹ̀gbẹ́ mọ́tò yóò mọ bí mọ́tò náà ti ṣá tó. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe yọ ìdérí yẹn gbé lọ fún apo-ọ̀dà pé kó bá a mu. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ torí ó rọrùn láti yọ. Ojú inú rẹ̀ kì í ṣá bíi ti ara mọ́tò, ọ̀dà tó bá sì bá a mu kò ní bá ara mọ́tò mu.

Ìmọ́lẹ̀ ńkọ́? Ìmọ́lẹ̀ ni ibi tí ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́, a ò sì gbọ́dọ̀ sáré kọjá rẹ̀. Ọ̀dà méjì lè bára mu nínú oòrùn, kí wọ́n sì yàtọ̀ lábẹ́ gílóòbù ilé epo lálẹ́. Ó ṣe jẹ́ bẹ́ẹ̀? Àwọ̀ tí ojú ń rí jẹ́ ìmọ́lẹ̀ tí ọ̀dà dá padà. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn àti ìmọ́lẹ̀ gílóòbù ò ní èròjà kan náà nínú. Bí ilé iṣẹ́ bá fi búlúù kan po ọ̀dà tirẹ̀, tí apo-ọ̀dà fi búlúù mìíràn po tiẹ̀, wọ́n lè pàdé lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ kan, kí wọ́n sì pínyà lábẹ́ òmíràn. Nítorí náà, ẹ wò ó nínú oòrùn. Ẹ wò ó nínú ibòji. Ẹ wò ó lábẹ́ iná. Bó bá bá a mu níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó bá a mu.

Àkókò wo ló dára jù? Àárọ̀ tí oòrùn ti yọ dáadáa, ní ibi tí ojú ọ̀run ti tàn sí, tí oòrùn ò ti gún un tààrà. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń pọ́n, ó ń tan ojú jẹ. Ohun tó wà nítòsí náà ń tan ojú jẹ. Ẹ wo òkè ibi iṣẹ́. Ṣé tapólì búlúù ni wọ́n ta bò ó? Búlúù rẹ̀ ń dà sára mọ́tò. Ṣé ẹ̀wù pupa ni pẹ́ńtà wọ̀? Pupa rẹ̀ ń hàn nínú ọ̀dà dídán. Ojú gan-an a tún máa rẹ̀. Ohun tí ojú rí ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́ ló jẹ́ òótọ́ jù. Bí èèyàn bá tẹjú mọ́ àwọ̀ méjì pẹ́, ojú á bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn làjà. Kí pẹ́ńtà gbójú kúrò, kó wo nǹkan mìíràn, kó tó padà. Ó sì yẹ ká sọ èyí: àwọn kan wà, tí ọkùnrin pọ̀ jù nínú wọn, tí ojú wọn ò fi bẹ́ẹ̀ mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé. Ọ̀pọ̀ wọn ò mọ̀. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Kí ẹlòmíràn bá wọn wo àwọ̀ ni.

Ìdánwò ló tẹ̀ lé e. Ẹ wo àṣà kan tó wọ́pọ̀. Wọ́n á ti igi bọ inú ọ̀dà, wọ́n á tọ́ ọ sára mọ́tò, wọ́n á ní ó ti bá a mu. Ó bá a mu ní tútù ni. Ṣé tútù ni mọ́tò yóò máa wà? Ọ̀dà ń yí padà bó bá ti ń gbẹ, ọ̀pọ̀ á ṣú sí i. Èyí tó fẹ́ gba kílíà tilẹ̀ burú jù, torí ó ń kú lójú bó bá gbẹ, kílíà ló sì ń gbé àwọ̀ rẹ̀ jáde.

Ọ̀nà tó tọ́ ni páálí ìdánwò. Kí wọ́n mú páálí tó ní ìlà dúdú àti funfun. Kí wọ́n fi ìbọn ọ̀dà tí wọ́n máa lò fún mọ́tò gan-an fọ́n ọn sí i. Atẹ́gùn kan náà, ọwọ́ kan náà. Kí wọ́n máa fọ́n ọn títí ìlà dúdú àti funfun á fi pa rẹ́ pátápátá, kí wọ́n sì ka iye ìgbà tí wọ́n fọ́n. Iye ìgbà yẹn náà ni ara mọ́tò yóò gbà. Bí ìlà bá ṣì ń hàn, ọ̀dà ìsàlẹ̀ yóò hàn lára mọ́tò pẹ̀lú. Pupa àti yẹ́lò ló ń ṣe báyìí jù. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi kílíà bò ó, kó gbẹ, kí wọ́n tó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò. Kí wọ́n kọ nọ́ńbà àti iye ìgbà sẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀. Mọ́tò aláwọ̀ yẹn yóò tún wá lọ́jọ́ mìíràn.

Bó bá ṣẹ́ kù díẹ̀ kó bá a mu ńkọ́? Àtúnṣe ni. Ìbéèrè méjì ló wà, wọ́n sì ní bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ léra. Àkọ́kọ́: ṣé ó ṣú jù, àbí ó mọ́ jù? Èkejì: apá ibo ló ń fà sí? Ṣé ó ń fà sí pupa, àbí búlúù, àbí yẹ́lò, àbí àwọ̀ ewé? Kí wọ́n yanjú èkíní kí wọ́n tó dé èkejì. Inú èròjà tó ti wà nínú ìlànà ìpò ni kí wọ́n ti mú ohun tí wọ́n máa fi kún un. Kí wọ́n bu díẹ̀ sínú ife, kí wọ́n dán an wò níbẹ̀, kí wọ́n má ṣe da nǹkan sínú gbogbo ọ̀dà. Ẹ̀kán díẹ̀ ti tó. Fífi kún un rọrùn. Ta ló lè yọ dúdú kúrò nínú ọ̀dà tó ti pò tán?

Ìgbà wo ni kí wọ́n dáwọ́ dúró? Ìgbà tó bá ti sún mọ́ ọn dáadáa. Pẹ́ńtà tó ń lépa bíbáramu pérépéré nínú ife lè lo ọjọ́ kan gbáko, kó sì tún ba èyí tó dára tẹ́lẹ̀ jẹ́. Ọ̀nà mìíràn wà tí wọ́n ń gbà parí iṣẹ́ náà, ọ̀rọ̀ ń bọ̀ níbẹ̀.

Mẹ́tálìkì ló ń fìyà jẹ pẹ́ńtà jù. Fàdákà, góòlù, eérú tó ń tàn. Èérún álúmíníọ̀mù tíntìntín ló wà nínú wọn, òun ló ń dá ìmọ́lẹ̀ padà. Bí àwọn èérún náà bá sùn pẹrẹsẹ nítòsí òkè, ọ̀dà á mọ́ lójú. Bí wọ́n bá rì, tí wọ́n sì dúró lóòró, á ṣú lójú. Kí ló ń pinnu bí wọ́n ṣe sùn? Ọwọ́ pẹ́ńtà ni. Pẹ́ńtà tó sún mọ́ mọ́tò jù, tí ọwọ́ rẹ̀ ń falẹ̀, tó ń da tínà, ìyẹn omi tí wọ́n fi ń po ọ̀dà kó lè ṣàn, púpọ̀ sí i, ọ̀dà rẹ̀ á tutù rinrin. Èérún á ráyè rì. Àwọ̀ á ṣú. Ẹni tó jìnnà jù, tí ọwọ́ rẹ̀ yá, tí atẹ́gùn rẹ̀ pọ̀, ọ̀dà rẹ̀ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ kó tó balẹ̀. Àwọ̀ á mọ́. Ọ̀dà kan náà. Pẹ́ńtà méjì. Àwọ̀ méjì.

Ojú ọjọ́ náà wà níbẹ̀. Oòrùn ọ̀sán gangan ń gbẹ ọ̀dà kíákíá. Òwúrọ̀ ìgbà òjò kì í jẹ́ kó tètè gbẹ. Tínà tó ń yára gbẹ yàtọ̀ sí èyí tó ń pẹ́. Nítorí náà, bí fàdákà bá ṣú jù díẹ̀ lórí páálí, kí pẹ́ńtà má tíì sáré lọ da funfun sí i. Kó kọ́kọ́ yí ọwọ́ padà. Kó sún sẹ́yìn díẹ̀, kó yára díẹ̀. Ó lè jẹ́ gbogbo àtúnṣe tó nílò nìyẹn. Funfun lásán nínú mẹ́tálìkì a máa pa dídán rẹ̀.

Mẹ́tálìkì tún ní ojú méjì. Ẹ dúró níwájú rẹ̀, ẹ wò ó. Ẹ wá bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ wò ó ní gẹ̀gẹ̀rẹ̀. Àwọ̀ ti yí padà, àbí kò yí? Ọ̀dà tuntun lè bá a mu níwájú kó má bá a mu lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àfi kí pẹ́ńtà wo méjèèjì kó tó sọ pé ó parí. Bí èérún bá kó jọ síbì kan tó ṣe àbàwọ́n, ìfọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ kan láti ọ̀nà tó jìn díẹ̀ ló ń tò wọ́n, kí kílíà tó dé.

Pẹ́ẹ̀lì ò gba àlàyé púpọ̀ lẹ́yìn èyí. Ọ̀pọ̀ pẹ́ẹ̀lì funfun jẹ́ ìpele mẹ́ta: ọ̀dà ìsàlẹ̀, pẹ́ẹ̀lì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ojú ń là kọjá, àti kílíà. Iye ìgbà tí wọ́n fọ́n pẹ́ẹ̀lì ló ń pinnu àwọ̀. Torí náà, páálí mẹ́rin ni kí wọ́n lò: kí ọ̀kan gba ẹ̀ẹ̀kan, kí èkejì gba ẹ̀ẹ̀mejì, kó máa lọ bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá mọ́tò mu ni kí wọ́n tẹ̀ lé.

A ti dé ibi tí iṣẹ́ náà ti ń dára tàbí kó bàjẹ́ pátápátá. Ẹ rántí pé ara mọ́tò bó ṣe rí lónìí ni wọ́n ń bá mu. Kò sí ọ̀dà àtúnkùn tó ń bá ọ̀dà àtijọ́ mu délẹ̀délẹ̀. Kí wá ni wọ́n ń ṣe? Wọ́n ń pa ààlà rẹ́. Ojú èèyàn tètè ń rí ibi tí àwọ̀ méjì ti pàdé lójijì. Kì í tètè rí àwọ̀ tó ń yí padà díẹ̀díẹ̀.

Ká ní ilẹ̀kùn iwájú ni wọ́n pààrọ̀. Wọ́n á fi sáńpépà tó kúnná pa ojú fẹ́ńdà àti ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pẹ̀lú. Wọ́n á kun ilẹ̀kùn tuntun náà kó kún. Wọ́n á wá jẹ́ kí ọ̀dà rékọjá díẹ̀ sí fẹ́ńdà, kó máa fẹ́lẹ́ lọ, kó máa fẹ́lẹ́ lọ, títí tí kò fi ní sí mọ́ kó tó dé ìdajì. Bákan náà ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Kílíà yóò sì bo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láti etí dé etí. Kí wọ́n má ṣe dá kílíà dúró láàárín fẹ́ńdà. Etí ibi tó dúró sí yóò hàn, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lọ́jọ́ iwájú.

Ibí yìí ni ìjà ti ń bẹ́ sílẹ̀ láàárín pẹ́ńtà àti oníbàárà. “Ọ̀gá, ilẹ̀kùn kan ni mo ní kí ẹ kùn. Kí ni ẹ ń wá lára fẹ́ńdà mi?” Ẹ̀yin oníbàárà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Pẹ́ńtà tó fọwọ́ kan fẹ́ńdà yín ló fẹ́ràn mọ́tò yín. Ẹ̀yin pẹ́ńtà náà, ẹ ṣàlàyé kí ẹ tó gba owó, torí iṣẹ́ àti ọ̀dà tó ń lọ síbẹ̀ pọ̀ ju ti ilẹ̀kùn kan lọ. Dúdú lásán tàbí funfun lásán lè má nílò gbogbo èyí nígbà mìíràn. Fàdákà nílò rẹ̀ ní gbogbo ìgbà.

Ẹ̀rọ ńkọ́? Ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń gbé lé ara mọ́tò, tó ń ka àwọ̀ láti ìhà mélòó kan, tó sì ń wá ìlànà ìpò tó sún mọ́ ọn jù. Ó wúlò gidi. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń kà. Bí ìdọ̀tí bá wà níbẹ̀, ìdọ̀tí ló máa kà. Kò sì mọ bí ọwọ́ pẹ́ńtà ṣe ń fọ́n. Páálí ìdánwò ṣì pọn dandan lẹ́yìn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tó ń dunni ni ti ẹ̀mí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Hádínà inú kílíà ní kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní isocyanate. Ó lè fa ikọ́ sémìísémìí tí kò ní lọ mọ́, kódà fún ọmọ iṣẹ́ tó jẹ́ pé ó kàn ń dúró tini ni. Aṣọ tí wọ́n ń so mọ́ imú ò dá a dúró. Ìbomú tó ní asẹ́ kẹ́míkà ló yẹ, bí èyí tó ń fa atẹ́gùn mímọ́ láti ìta bá sì wà, ìyẹn ló dára jù. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé dúró nítòsí bí wọ́n bá ń fọ́n kílíà.

Ó kù kí wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ pẹ́ńtà. Kí oníbàárà má ṣe gbà á lálẹ́. Kó jẹ́ kó di ọjọ́ kejì. Kí wọ́n fi omi lásán ṣan mọ́tò náà, kí wọ́n gbé e bọ́ síta. Kó dúró ní bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, kó wò ó. Kó rìn yí i ká. Kó wò ó láti iwájú, kó wò ó láti ẹ̀gbẹ́, nínú oòrùn àti nínú ibòji. Bí ojú ò bá dúró síbi kankan, iṣẹ́ ti dára. Lẹ́yìn náà, kí ó má tíì fi wáàsì pa ibi tí wọ́n kùn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, torí tínà ṣì ń jáde lábẹ́ kílíà. Omi àti ọṣẹ fẹ́ẹ́rẹ́ ti tó títí di ìgbà yẹn.